Orúkọ Umenocoleidae ní Èdè Yorùbá: Aáyán tí a Kà mọ́ Ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn

Ní ọdún 1973, Chen àti T'an, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa kòkòrò ní ilẹ̀ Ṣáínà, ṣe àpèjúwe fọ́sìlì kòkòrò kan tí ó wá láti Gansu, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè wọn. Òkúta tí a ti rí i jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Kirétéṣọ́ọ̀sì, èyí tí ó ti lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìyẹ́ iwájú kòkòrò náà le, ó sì bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí èèpo. Èyí ni àwọn méjèèjì rí tí wọ́n fi kà á mọ́ ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Umenocoleus sinuatus, wọ́n sì dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un, Umenocoleidae.

Àkàsí yìí kò pẹ́ títí. Nígbà tí a tún àwọn fọ́sìlì náà yẹ̀ wò, tí a sì rí òmíràn kún wọn, a rí i pé kòkòrò wọ̀nyí ní ẹ̀yà bí ìwo kékeré méjì ní ìdí, èyí tí ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn àgbà kì í ní, ṣùgbọ́n tí aáyán ní. Ní ọdún 2003 ni Peter Vršanský tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi ìdílé náà sí ọ̀dọ̀ aáyán. Ibi tí wọ́n gbé kì í ṣe Ṣáínà nìkan: a rí Ponopterix axelrodi nínú òkúta Crato, ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Brasil, a sì rí àwọn mìíràn nínú oje igi tí ó ti di òkúta ní Myanmar. Lónìí, àríyànjiyàn tí ó kù ni bí wọ́n ti sún mọ́ aáyán tó, àti bí wọ́n ti sún mọ́ mántíìsì tó, ìyẹn kòkòrò tí ń ká ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni ń gbàdúrà.

Kí ni ìyẹ́ líle wá ń ṣe lára aáyán? Kò yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Aáyán kan wà láàyè ní àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì títí di òní, Diploptera punctata, tí ìyẹ́ iwájú rẹ̀ le bí ti ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn. Ìrísí lè jọra láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

Ìṣòro olùtumọ̀ bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín. Òfin ìsọlórúkọ ẹranko lágbàáyé kò gbà kí a pa orúkọ tì nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá ohun tí a ń pè mu. Umenocoleidae yóò máa jẹ́ Umenocoleidae. Bí olùtumọ̀ bá wo ibi tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fi kòkòrò náà sí, tí ó sì pè é ní “ìdílé ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn” kan, ó ti sọ àṣìṣe ọdún 1973 di ẹ̀kọ́ fún ọmọ ilé-ìwé, ọmọ náà yóò sì kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Ọ̀nà àbáyọ wà nínú orúkọ náà fúnra rẹ̀. Koleos, ọ̀rọ̀ Gíríkì tí “-coleus” ti wá, kì í ṣe ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn. Àkọ̀ ni, bí àkọ̀ idà. Ìyẹ́ iwájú tí ó bo ìyẹ́ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ jẹ́ àkọ̀ ní tòótọ́, ẹni yòówù kí ó ni ín. Nítorí náà, “ìdílé aáyán alákọ̀” ni ó yẹ. “Kòkòrò alákọ̀” lásán kò tó, nítorí yóò kó ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn mọ́ ọn. “Aáyán oníkarahun” yóò sì mú akẹ́kọ̀ọ́ ronú kan ìgbín.

Àwọn kan lè sọ pé bí ìwádìí bá tún sún ìdílé yìí sí ọ̀dọ̀ mántíìsì pátápátá, “aáyán” yóò di irọ́. Àtakò yìí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ikán. Fún ìgbà pípẹ́ ni ìwé ẹ̀kọ́ fi ya ikán sọ́tọ̀ gedegbe, kí ìwádìí Inward, Beccaloni àti Eggleton ní ọdún 2007 tó fi hàn pé inú agbo aáyán gan-an ni ikán wà. Yorùbá kò pa orúkọ ikán dà, kò sì sí ẹni tí ó ṣì í mú. Ohun tí ó yí padà ni gbólóhùn tí olùkọ́ fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aáyán alákọ̀ yóò rí, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ Látìnì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí a bá dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Àmì ohùn ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí àwọn atẹ̀wé ti máa ń kà á sí lọ. Bí a bá tẹ “alakọ” láìfi àmì sí i, akọ ni òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rò, yóò sì máa wá abo aáyán náà kiri ojú ìwé.