Ọ̀nà Orí Òkè: Ẹ̀kọ́ fún Arìnrìn-àjò Láti Ilẹ̀ Pẹrẹsẹ

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀nà mọ́tò tó gba orí òkè kọjá. Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló kan ará Ṣàngótẹ̀dó nínú òkè? Ìbéèrè náà dára. Láti Ajah títí dé Ẹ̀pẹ́, iyanrìn àti ọ̀sà ni tiwa. Afárá ni òkè tó ga jù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti wa mọ́tò gùn rí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí a bá ń lọ so yìgì ní Adó-Èkìtì, ọmọ wa tó kọ́ mọ́tò lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí náà ni yóò wa bọ́ọ̀sì, ènìyàn mẹ́rìnlá yóò sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ náà lédè Lárúbáwá. Ọ̀nà òkè tó ṣòro láti gùn ni wọ́n ń pè ní ʿaqabah. Ẹ ti pàdé rẹ̀ nínú Súrà Al-Balad, níbi tí Ọlọ́hun ti fi í ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ rere tó nira fún ẹ̀mí, bíi títú ẹrú sílẹ̀ àti bíbọ́ ọmọ òrukàn lọ́jọ́ ebi. Ẹ tún mọ̀ ọ́n nínú ìtàn: ní irú ibẹ̀, lẹ́bàá Mínà, ni àwọn ará Mẹ̀dínà ti bá Ànábì ṣe àdéhùn ní ọdún 621 àti 622, kí hijira tó wáyé. Ọ̀rọ̀ kejì ni fajj, ọ̀nà gbòòrò tó la àárín òkè kọjá. Nínú Súrà Al-Anbiyāʼ, Ọlọ́hun ka irú ọ̀nà yìí mọ́ àwọn àmì Rẹ̀, kí ẹ̀dá lè rí ọ̀nà gbà.

Jábìr ọmọ Abdullah gbà á wá fún wa, nínú àkójọ Bukhari, pé bí àwọn sàhábé bá ń gun òkè, wọn a máa gbé Ọlọ́hun tóbi. Bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, wọn a máa ṣe àfọ̀mọ́ fún Un. Ẹ ṣàkíyèsí pé gígùn ní ìrántí tirẹ̀, sísọ̀kalẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bákan náà ni fún awakọ̀: iṣẹ́ méjì ni.

Nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí ẹ ó ti mọ ìyàtọ̀ ni ọ̀nà tó yà ní Ìwárajà lẹ́yìn Iléṣà, tó gba Ẹ̀rínmọ̀ lọ sí Ẹfọ̀n-Aláayè, kí ó tó kọjá sí Arámọkọ àti Adó. Orí òkè ibẹ̀ náà ni omi Olúmirin ti ń ṣubú sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì, kọ́nà lẹ́yìn kọ́nà. Nígbà òjò, kùrukùru lè bo títì láàárọ̀. Àwọn tó le jù ú lọ wà. Ọ̀nà Obudu ní Cross River jẹ́ kìlómítà 11, kọ́nà 22 ló sì ní. Ní Tógò, láàárín Sokodé àti Bafilo, ìlú àwọn Kotokólì tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, wọ́n gé àpáta sí méjì ní Alédjo kí títì lè kọjá. Ọ̀pọ̀ tírélà ló ṣègbé níbẹ̀ kí wọ́n tó la ọ̀nà mìíràn yí i ká.

Gígùn kò le púpọ̀. Ẹ fi jíà kékeré gùn ún, ẹ má yọ síwájú ọkọ̀ ẹlòmíràn ní kọ́nà, ẹ máa wo àmì ìgbóná ẹ́ńjìnì. Bó bá gbóná, ẹ dúró, ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì ń hó.

Sísọ̀kalẹ̀ ló ń pa ènìyàn. Ohun tí bíréèkì ń ṣe ni pé ó ń sọ eré ọkọ̀ di ooru. Ní títì wa, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó fi sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì fẹ́ ẹ tutù. Lórí òkè, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìfisílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, irin yóò gbóná kọjá ààlà, bíréèkì kò ní mú mọ́. Òróró rẹ̀ tó bá ti pẹ́ lè hó, kí ẹsẹ̀ yín kàn wọlé gbọlọ. Nítorí náà, jíà tí ẹ ó bá fi gun òkè yẹn ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀. Ẹ wọ inú rẹ̀ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ di ọkọ̀ mú.

Àwọn kan a máa yọ jíà sí fíríì kí epo má baà tètè tán. Nínú ìrìn-àjò yìgì kan tí mo bá wọn lọ, awakọ̀ wa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Ẹfọ̀n. Kò pẹ́, òórùn jíjó gba inú ọkọ̀. Àgbà ni awakọ̀, àwọn tó wà níwájú ń wojú rẹ̀. Arábìnrin kan lẹ́yìn ló sọ̀rọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, nǹkan ń jó.” Ó ní kò sí nǹkan kan. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Èéfín ń rú lára táyà iwájú nígbà tí a bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin, ìtìjú kò sí nínú irú ọ̀rọ̀ yẹn, bí awakọ̀ tilẹ̀ tó bàbá yín.

Bí bíréèkì bá kọ̀ pátápátá, ẹ má pa ẹ́ńjìnì, nítorí ọwọ́ ọkọ̀ yóò le. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹ bọ́ jíà sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ẹ fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fọn fèrè. Bí ó bá di dandan kí ọkọ̀ fara gbá nǹkan, ara òkè ni kí ẹ darí rẹ̀ sí; ẹ sá fún ìhà ọ̀gbun.

Ní ti ìrun, a ti gba arìnrìn-àjò láàyè láti dín in kù kí ó sì pa á pọ̀. Ẹ má ṣe kí i lẹ́bàá kọ́nà. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀, tàbí ní àárín ọ̀nà bí bíréèkì bá ti gbóná. Àlùwàlá, Àyìlá rakaa méjì, Aláásárì rakaa méjì: kí ẹ tó ká ẹní, irin yóò ti máa tutù.