Nígbà tí Máńgòrò Ẹ̀yìnkùlé bá So Àsojù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin a-fi-ọkọ́-bọ́-ìlú, ó ṣòro láti sọ fún ẹni tí Elédùmarè fi èso jíǹkí pé kí ó gé nínú rẹ̀ dànù kí ó tó gbó. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn tí a mú wá kò ju ìyẹn lọ. Máńgòrò tí ó so tí ẹ̀ka rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ dùn ún wò, pàápàá lójú àwa tí máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ti mọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n gbogbo oúnjẹ tí igi náà ti fi pamọ́ sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò láti ìgbà òjò ni yóò ná tán sórí èso ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tanná, ewé lásán ni òun yóò máa mì. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ẹ kọ́kọ́ fi igi sílẹ̀ ná, nítorí púpọ̀ nínú èso wẹ́wẹ́ ni yóò rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀. Nígbà tí èyí tí ó kù bá tó ẹyin adìyẹ, ní nǹkan bí oṣù Èrèlé sí Ẹrẹ́nà, ni kí ẹ mú àlùmọ́gàjí, kí ẹ dín ṣírí kọ̀ọ̀kan kù sí èso 1, ó pọ̀ tán 2, kí ẹ sì mú èyí tí ó lábàwọ́n kúrò ṣáájú. Ẹ ṣọ́ oje rẹ̀, a máa bó ara. Èyí tí ẹ gé kì í ṣe òfò: àwọn ọmọ ilé yóò fi iyọ̀ àti ata pàdé rẹ̀.

Máńgòrò tí a lọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí kékeré ni ó ti ń so. Ní ọdún 2 àkọ́kọ́, òdòdó rẹ̀ gan-an ni kí ẹ rẹ́ kúrò.

Arúgbó igi tí ó ga ju òrùlé lọ kò ṣeé dín èso rẹ̀ kù, ọ̀pá ni kí ẹ fi tì í, nítorí ìgbà tí èso bá wúwo jù ni ìjì òjò àkọ́rọ̀ máa ń dé. Ẹ wá igi líle tí ó ní pàlàkà, ẹ fi àkísà tàbí àpò ìdọ̀họ wé pàlàkà náà kí ó má baà bó èèpo, kí ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀ka níbi tí ó kọjá àárín díẹ̀ sí ọ̀nà ṣóńṣó, kí ẹ sì ri ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí ẹ̀ka sinmi lé e ni. Ẹ má fi tipátipá gbé e sókè.

Ẹ má fi èso tí ó jábọ́ sílẹ̀, ìdin inú rẹ̀ ni yóò di eṣinṣin tí yóò wá yé ẹyin sínú èyí tí ń pọ́n lórí igi. Ihò ẹsẹ̀ bàtà 2 ni kí ẹ bò ó mọ́.

Bí ẹ bá ká èyí tí ó kẹ́yìn tán nínú oṣù Òkúdù, ẹ fi ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà yí igi ká, kí ó jìnnà sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì rẹ́ àwọn ẹ̀ka tí ó há mọ́ra kí Agẹmọ tó parí. Ẹ̀ka tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lẹ́yìn Ọwẹ́wẹ̀ kì í sábà gbó tó kí ọyẹ́ tó dé, ewé ni yóò sì máa rú nígbà tí ó yẹ kí ó tanná.