Ẹ̀kọ́ Keje: Ṣọ́ọ̀bù Tó Ń Kó Lọ

Láti Onígbòǹgbò sí Computer Village ní Ìkẹjà, kò jìnnà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń tún un ṣe. Àmọ́ irin àti wáyà kọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà ni. Èdè C jẹ́ ọ̀kan lára èdè àṣẹ bẹ́ẹ̀. Dennis Ritchie ló ṣe é ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1972.

Ká ní ìyá kan gba ṣọ́ọ̀bù ní Onígbòǹgbò, tí kò gbà ju páálí mẹ́rin lọ. Páálí karùn-ún dé. Ìyá gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó gba mẹ́jọ, ó kó mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ, ó tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà, ó gbé ìkarùn-ún tì wọ́n, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ padà fún onílé.

Ohun tí áréè tó ń gbòòrò ń ṣe nìyẹn. Áréè ni àwọn àyè tó tò tẹ̀ léra nínú mẹ́mọ́rì. Nínú C, malloc ló ń gba ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, realloc ń gba èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, ó ń kó ẹrù, ó sì ń dá kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ padà fúnra rẹ̀, free ń dá kọ́kọ́rọ́ ìkẹyìn padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ìlọ́po méjì la sábà máa ń gbà, torí ta ló fẹ́ máa kó ẹrù ní gbogbo ìgbà tí páálí kan bá dé?

Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì Agége kì í dúró di ìgbà tí búrẹ́dì bá dé orí igbá ọlọ́jà kó tó mọ̀ pé ìyẹ̀fun ò wú. Bákan náà, a máa ń dá áréè yìí nìkan yẹ̀ wò kí a tó so ó mọ́ iṣẹ́ ńlá. Ká pe ṣọ́ọ̀bù náà ní s: s.iye ni iye páálí tó wà nínú rẹ̀, s.aye ni iye tó lè gbà, s.oja sì ni àwọn páálí náà. Lẹ́yìn tí a bá ti gbé 10, 20, 30, 40 àti 50 wọlé, a ó kọ:

assert(s.iye == 5);
assert(s.aye == 8);
assert(s.oja[0] == 10);
assert(s.oja[4] == 50);

Láti òdo ni C ti ń ka nǹkan, ìdí nìyí tí ìkarùn-ún fi jẹ́ 4. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ òótọ́, assert á dákẹ́. Bí irọ́ bá ni, á dá ètò dúró, á sì dárúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà tí irọ́ wà.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń sá pamọ́: kí ètò ṣì máa lo àdírẹ́sì àtijọ́ lẹ́yìn realloc. Bí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ bá ṣófo, realloc lè kàn wó ògiri àárín, ìyá ò ní kúrò lójú kan. Oníbàárà tó ṣì ń lọ sí ojúlé àtijọ́ á bá ìyá níbẹ̀, á rò pé kò sí ewu. Lọ́jọ́ tí ìyá bá kó lọ lóòótọ́, ilé onílé ló máa já wọ̀. assert nìkan lè má rí i. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Valgrind ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: á ka ẹni tó wọ ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, á sì ka kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò dá padà.

Kí ẹ tó ṣí Ẹ̀kọ́ Kẹjọ, ẹ mú bébà: páálí kẹsàn-án ti wọlé. Mélòó ni s.aye báyìí?