Bí A Ṣe Ń Wọn Fítámì C Inú Ọsàn Nílé

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí ọmọ mi tó wà ní JSS 3 ṣírò fítámì C inú ọsàn àti ìbẹ́pẹ. Ilé ìwé wọn ò ní ohun èlò. Ṣé ó ṣeé ṣe nílé?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹ ra áyódínì àti fítámì C oníhóró funfun lọ́dọ̀ olóògùn; ẹ fi aláwọ̀ ọsàn sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á da iṣẹ́ rú. Bó bá jẹ́ 100 mg, ẹ lọ hóró kan kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ omi 100 ml. Bí ẹfun díẹ̀ bá sílẹ̀, kò léwu. Ẹ bu omi lu áyódínì náà.

Ẹ fa 10 ml omi fítámì sínú ife, ẹ kán omi sítáàṣì tútù sí i, kí ọmọ wá máa kán áyódínì sí i, kó máa kà á. Fítámì C ló ń kọ́kọ́ gba áyódínì. Nígbà tó bá tán ni omi á dúdú bí aró, tí kò ní ṣá mọ́. Kó dúró níbẹ̀.

Kó ṣe bákan náà fún 10 ml omi ọsàn tí ẹ ti sẹ́. Ká ní fítámì gba ẹ̀kán 40, ọsàn gba 20. Ìdajì ni: 5 mg nínú 10 ml, ìyẹn 50 mg nínú 100 ml.

Ìbẹ́pẹ ki jù. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tó bá a dọ́gba, kí ẹ sì sọ èsì di ìlọ́po méjì.

Ẹ má fún ọsàn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, atẹ́gùn ń ba fítámì C jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ohun tó wà nínú ife yẹn.