Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Nígbà Tí Àlìkámà Bá Di Èèwọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ní ìpàdé kan tó kọjá, arábìnrin kan kọ ṣin-ṣin tí a gbé fún un. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àìsàn ló sọ àlìkámà di èèwọ̀ fún un, ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀kọ́ wa.

Coeliac ni orúkọ àìsàn náà. Ohun kan tí à ń pè ní glúténì wà nínú àlìkámà, ọkà bálì àti ráì; òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì máa fà bí a bá pò ó. Bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá jẹ ẹ́, ara rẹ̀ a dojú ìjà kọ ìfun ara rẹ̀, oúnjẹ kò sì ní ṣe é lóore mọ́. Ikùn a máa wú, ìgbẹ́ gbuuru a dé, ẹ̀jẹ̀ a dín lára, ọmọdé kò ní dàgbà bó ti yẹ. Dókítà Willem Dicke ní Họ́láńdì ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n, ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà ń yá. Búrẹ́dì padà, àìsàn padà.

Títí di òní, ìwòsàn rẹ̀ ni kí aláìsàn yẹra fún glúténì títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi búrẹ́dì sílẹ̀ kí dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, àyẹ̀wò lè máà rí nǹkan kan.

Iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ìrẹsì àti ẹ̀wà kò ní glúténì. Sẹ̀mó ńkọ́? Àlìkámà ni, bó tilẹ̀ funfun.

Arábìnrin wa fi sẹ̀mó àti búrẹ́dì sílẹ̀, àmàlà ló ń jẹ, síbẹ̀ ikùn rẹ̀ kò sinmi. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlọ èlùbọ́ ti ẹgbẹ́ wa gan-an ló ń dà á láàmú. Àwọn tó ń fi àlìkámà ṣe òkèlè ń lọ ọ́ níbẹ̀, èlùbọ́ tirẹ̀ a sì tẹ̀lé e. Ìyẹ̀fun tó ń kù sẹ́yìn irin ẹ̀rọ lè má kún ṣíbí, ṣùgbọ́n ó tó láti pa á lára. A ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, a fọ̀ ọ́, a sì pinnu pé àlìkámà kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́. Owó tó ń wọlé dín díẹ̀, àwọn kan sì ń kùn. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n owó ìpín arábìnrin yìí náà wà nínú ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún àkàrà tí a dín sínú òróró tí a ti fi dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Ẹ ka ara ìgò mọ́ọ̀tì pẹ̀lú: ọkà bàbà ni wọ́n fi ṣe òmíràn, ọkà bálì wà nínú òmíràn.

Ẹni tí dókítà bá ti ka àlìkámà léèwọ̀ fún, kí ó sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú ìpàdé ọdọọdún, kí a lè ya ìkòkò àti ṣíbí tirẹ̀ sọ́tọ̀.