Bí Ogun Ọ̀nà Jíjìn Ṣe Ń Wọ Inú Kóńgò Wa

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nínú ọjà Abúlé Ẹ̀gbá,

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí oníbàárà kò tíì bú nínú wa pé, "Ẹ̀yin ọlọ́jà yìí, ẹ̀yin lẹ ń pa wá! Ogun tí wọ́n ń jà nílùú òyìnbó, kí ló kàn án pẹ̀lú àlùbọ́sà?" Nígbà míì a kì í rí èsì fọ̀. A kàn máa ń ní, "Bí wọ́n ṣe tà á fún wa nìyẹn." Èsì yẹn kò tó. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí olè gbà wọlé kò lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò tì. Ẹ jẹ́ ká jọ wo àwọn ilẹ̀kùn tí ọ̀wọ́n ń gbà wọ ọjà.

1. OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN ÌYÁ WA RÍ

Ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń yìnbọn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n oúnjẹ dé Èkó. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù wá tẹ́lẹ̀ di ọkọ̀ ogun, iyọ̀ wọ́n, ọjà òyìnbó wọ́n. Èrò sì ń ya wọ Èkó nítorí iṣẹ́ ogun.

Ìjọba òyìnbó wá ní àwọn yóò fi iye lé oúnjẹ. Ní 1941 wọ́n fi òyìnbó kan, Captain A. P. Pullen, ṣe alábòójútó oúnjẹ l'Ékòó. Iye tí ìjọba bá dá ni kí gàrí jẹ́. Ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di arúfin.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Iye tí ìjọba dá kò tó iye tí àwọn ìyá wa fi ń ra gàrí lóko, ká má tíì dárúkọ owó ọkọ̀. Ta ni yóò ra nǹkan ní ṣílè méjì kó wá tà á ní ṣílè kan? Gàrí bá sá kúrò lójú ọjà, ó di ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, ní iye tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin tí wọ́n ṣe kí oúnjẹ lè dẹ̀ ló wá lé oúnjẹ lọ.

Ẹni tó ṣíwájú àwọn obìnrin nígbà náà ni Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Màmá yìí kò kàwé, ṣùgbọ́n ó mọ ìṣirò ọjà. Ìjọba ní kó wá gba owó kó bá àwọn ṣe é, ó kọ̀ jálẹ̀. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dákẹ́: ìpàdé lónìí, ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́la. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 1945 nítorí pé owó oṣù wọn kò ra oúnjẹ mọ́, àwọn obìnrin ọlọ́jà tì wọ́n lẹ́yìn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé òfin iye gàrí kúrò nílẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, níbi tí títì tó kọjá níwájú ọjà wa yìí ń lọ, ìrẹsì ni tiwọn. Lásìkò ogun yẹn, àwọn tí aláṣẹ rán ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà láìsan iye tó tọ́. Àwọn ọlọ́jà yìí ló tọ Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ, ó sì bá wọn jà á títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, nígbà ogun, ọlọ́jà ni wọ́n kọ́kọ́ ń na ìka sí. Èkejì, ọlọ́jà kan kò lè dá ẹnu tirẹ̀ gbọ́. Ẹgbẹ́ ni ẹnu wa.

2. UKRAINE ÀTI BÚRẸ́DÌ ÀGÉGE

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí èyí tó ṣojú wa. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 2022, Rọ́ṣíà gbé ogun wọ Ukraine. Àwọn kan nínú wa kò gbọ́ orúkọ ìlú yẹn rí títí wọ́n fi gbọ́ ọ lẹ́nu oníbúrẹ́dì.

Ìlú méjèèjì yìí, àgbẹ̀ ńlá ni wọ́n. Nínú àpò àlìkámà mẹ́wàá tí ìlú kan ń tà fún ìlú mìíràn láyé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta tó ń ti ọwọ́ wọn wá nígbà náà. Àlìkámà ni wọ́n ń lọ̀ di fúláwà, fúláwà ni búrẹ́dì Àgége. Èyí tí wọ́n ń gbìn l'Ókè Ọya kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí à ń jẹ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ìyókù wá fún wa.

Ogun dí èbúté Ukraine, ọkọ̀ kò lè jáde. Àwọn tó ń ra ọkà lọ́wọ́ wọn bá ya lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ẹ wò ó báyìí: bí alátà mẹ́ta bá wà ní ìlà kan, tí ọ̀kan kò bá wá, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn méjì tó kù ni gbogbo oníbàárà ń dà sí? Ata á sì gbówó lórí. Nítorí náà, bí a kò tilẹ̀ ra hóró kan lọ́wọ́ Ukraine, tiwa náà á wọ́n. Ní oṣù kẹta 2022, àjọ FAO tó ń rí sí oúnjẹ ní àgbáyé kéde pé iye oúnjẹ láyé ti ga ju gbogbo èyí tí àwọn ti ń kọ sílẹ̀ láti 1990 lọ.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ nìyẹn: ọjà kò jáde níbi tó ti ń wá.

Ilẹ̀kùn kejì ni epo ọkọ̀ àti ajílẹ̀. Rọ́ṣíà ń ta méjèèjì. Dísù tí kò tó ₦300 lítà kan ní oṣù kìn-ín-ní 2022 ti ju ₦700 lọ ní oṣù keje ọdún náà. Dísù ló ń gbé àlùbọ́sà láti Sókótó, òun ló ń gbé iṣu láti Bẹ́núé. Ẹ wá rí i pé àlùbọ́sà wa tí kò mọ ọ̀nà Ukraine, ó san owó ogun.

Ilẹ̀kùn kẹta ni ẹ̀rù. Nígbà tí ìlú bá rí i pé oúnjẹ ń wọ́n, á ní kí ọmọ tòun yó ná. Indonesia dá epo ọ̀pẹ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀ ní 2022. Íńdíà ti ilẹ̀kùn àlìkámà ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ó tún ti ti ìrẹsì funfun ní oṣù keje 2023, ó lé ní ọdún kan kó tó ṣí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń kó àpò pamọ́ sẹ́yìn ìsọ̀ láàárín wa: ẹ̀rù rẹ̀ ń dá ọ̀wọ́n sílẹ̀.

Ní oṣù keje 2022, Tọ́kì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá wọn ṣe àdéhùn kí ọkọ̀ ọkà lè kọjá. Ọdún kan ni àdéhùn náà lò kí Rọ́ṣíà tó jáde nínú rẹ̀. Oúnjẹ dẹ̀ díẹ̀ lágbàáyé láàárín ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò dẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Kí ló fà á?

3. KÌ Í ṢE GBOGBO RẸ̀ LÓ JẸ́ OGUN

Ilẹ̀kùn kẹrin ni owó wa fúnra rẹ̀. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní oṣù kẹfà wọ́n fi náírà sílẹ̀ fún ọjà. Dọ́là tí ó jẹ́ nǹkan bíi ₦470 ní báǹkì tẹ́lẹ̀ di nǹkan bíi ₦1,500 ní oṣù kejì 2024. Dọ́là la fi ń ra àlìkámà; bí àpò bá dẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó lè wọ́n kó tó dé Àpápá. Ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ fi hàn pé oúnjẹ tí à ń rà ní ₦1,000 ní oṣù kẹfà 2023 ti di nǹkan bíi ₦1,400 nígbà tó di oṣù kẹfà 2024. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹrù yìí lé Ukraine lórí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìjà ìtòsí wà. Ní oṣù kejì 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá n'Íbàdàn láàárín Yorùbá àti Háúsá. Ẹ̀mí lọ, ìsọ̀ jóná. Nígbà tó di ìparí oṣù yẹn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Òkè Ọya ní àwọn kò kó o wá sí Gúúsù mọ́. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi parí ẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo Èkó ló mọ̀ ọ́n lára, tòmátò àti àlùbọ́sà fò sókè. Lọ́hùn-ún, tòmátò ń jẹrà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọ̀nà bá dí, ebi ń pa ará ìhín, gbèsè ń jẹ ará ọ̀hún. Àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó jèrè.

4. TA NI EBI Ń PA?

Ọ̀wọ́n kì í bá gbogbo ènìyàn dọ́gba. Olówó á bú wa, á sì rà á. Ẹni tó ń ra kóńgò á wá máa ra ìdajì, ẹni tó ń ra ìdajì á wá máa ra ife. A ń rí wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n á dúró níwájú igbá, tí wọ́n á béèrè iye, tí wọ́n á ní "Mò ń bọ̀", tí wọn kò ní padà wá. Ìyá tó lọ yẹn, ọmọ rẹ̀ wà nílé.

Níbi tí ogun gan-an bá wà, ó burú jù bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa kò gbàgbé ogun Biafra, 1967 sí 1970, tí wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ, tí ebi pa àwọn ọmọdé tí ìbọn kò bà. Ní Sudan, ogun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023. Ní oṣù kẹjọ 2024 àwọn onímọ̀ kéde pé ìyàn ti mú ní àgọ́ Zamzam. Ìbọn ń pa ẹni tó bá rí. Ebi ń wá gbogbo èèyàn dé ilé.

5. KÍ NI KÁ ṢE?

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ojú owó wa. Ká sọ pé a ra àpò ẹ̀wà kan ní ₦60,000, a tà á tán ní ₦66,000. A ní a jèrè ₦6,000. A padà lọ rà, wọ́n ní àpò ti di ₦75,000. Owó àpò kan kò pé lọ́wọ́ wa mọ́. Èyí tí a pè ní èrè yẹn, ojú owó là ń jẹ. Kí ẹ tó ná èrè, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta àpò tuntun. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ká má fi ogun bojú. Bí iye kò bá tíì yí ní ibi tí a ti rà á, ká má torí ìròyìn rédíò fi owó lé e. Kóńgò tí a lu ìdí rẹ̀ wọ inú, ogun kọ́ ló lù ú. Ẹni tí a bá rẹ́ jẹ lónìí ni yóò bá ìjọba pariwo lé wa lórí lọ́la, bíi ti ayé Pullen.

Ẹ jẹ́ ká máa dáwó jọ rajà. Bí èèyàn márùn-ún bá jọ gba ọkọ̀ kan láti Mile 12, owó dísù á pín. Bí a bá sì gbọ́ pé ọ̀nà kan dí, kí ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ sọ fún ẹgbẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ WA

1. Ọjà tí ò ń tà, nínú ilẹ̀kùn mẹ́rin yìí, èwo ni ọ̀wọ́n gbà wọ̀ ọ́?
2. Bí ìjọba bá tún fi iye lé oúnjẹ, kí ni ẹgbẹ́ wa yóò fi ṣe ẹ̀rí iye tí a fi rà á?
3. Oníbàárà tó wí pé "Mò ń bọ̀" tí kò padà wá, kí la lè ṣe fún un tí ojú owó wa kò ní bàjẹ́?

Kí kálukú mú èsì tirẹ̀ wá. Ọjà á tà, ọ̀nà á là, a ò ní rí ogun, a ò ní rí ìyàn. Àṣẹ.