Ṣé ó yẹ kí n ya MRI?

Ìbéèrè: Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Bí mo bá dúró pẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan fẹ́ yọ lójú ara mi. Dókítà ní ilé-ọmọ mi ló ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ kò ní kí n ya MRI. Ṣé kò fojú kéré ọ̀rọ̀ mi?

Ìdáhùn: Rárá, Màmá. Àyẹ̀wò ojúkojú ló ṣáájú: ẹ ó fi agbára tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni ń rọbí, dókítà á sì wọn ibi tó sọ̀ dé. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ìyẹn ti tó. Àwòrán inú ara, bíi MRI, ń wúlò bí ìnira yín kò bá bá ohun tó rí mu, bí ìgbẹ́ kì í bá jáde tán, tàbí bí ó bá tún sọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nígbà náà, wọ́n lè kọ́kọ́ fi skáànù wo abẹ́ láti ìta. Kò ní ìtànṣán, ó sì ń fi iṣan tó já nígbà ìbímọ hàn. MRI ń fi àpò ìtọ̀, ilé-ọmọ àti ìfun hàn pa pọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ kò kéré o! Ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń yà á, torí náà ohun tó ń yọ nígbà tí ẹ bá dúró lè má hàn tán. Bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ tètè padà sí ilé ìwòsàn.